Omi Tútù Lójú Ọ̀nà Savalou

Òórùn ilẹ̀ pupa tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn ni gbogbo ènìyàn ń yìn, ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n èmi kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ń ta sílẹ̀, inú ilé ni mo ń wọ̀. Ìyàwó tuntun ni mí ní Bantè nígbà náà, láyé àwọn Faransé, ọ̀nà ò sì tíì rí ọ̀dà. Àwọn òyìnbó a máa fi ọkọ̀ díje lójú ọ̀nà tí àwa ń gbà lọ sọ́jà. Wọn a ti apá òkè wá, wọn a gba iwájú ilé wa kọjá sí Savalou, eruku wọn a sì wà nínú ọbẹ̀ wa títí di alẹ́.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, kọmándà, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè wa, ránṣẹ́ pé kí a so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, kí a gbá ojú ọ̀nà, àlejò pàtàkì ń bọ̀. Ìyá ọkọ mi ni olórí àwọn obìnrin àdúgbò, obìnrin tó lè pàṣẹ fún adìyẹ kí adìyẹ sì gbọ́. Nílé wa, bí àlejò bá ń bọ̀ tàbí tí ọmọ ilé ń rìnrìn àjò, omi tútù là ń dà síwájú rẹ̀ kí ó tẹ̀ ẹ́ kọjá, kí ọ̀nà lè tutù fún un. Ìyá ní a kò ní gbọ́ ọ pé àlejò kọmándà gba orí ilẹ̀ gbígbẹ kọjá ní Bantè. A pọn omi, a dà á láti ẹnu ilé wa títí dé kọ́nà. Inú wa dùn. Àwa tí ẹsẹ̀ wa ti yọ̀ lórí amọ̀ yẹn láìmọye ìgbà, kò sí ẹni tó ronú kan táyà.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ yọ, a pàtẹ́wọ́. Ó dé kọ́nà, ó yọ̀, ó yí gbirigbiri, ó lọ sọ igi mángòrò. Nígbà tí a fa awakọ̀ náà jáde, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ síta. Igbe rẹ̀ kò yàtọ̀ sí igbe ẹnikẹ́ni.

Kò pẹ́ tí kọmándà dé pẹ̀lú àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, tó ń bèèrè ẹni tó da omi sọ́nà. Ọkọ mi, tó jẹ́ olùkọ́ nílé ìwé àwọn Fadá, ni wọ́n pè kó wá túmọ̀. Ìyá rẹ̀ bọ́ síwájú.

"Èmi ni," ó ní. "Àlejò ni mo dà á fún, kí ọ̀nà wọn lè tutù. Sọ fún un bẹ́ẹ̀."

Ọkọ mi sọ Faransé. Èmi ò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀rọ̀ ìyá gùn, ìtumọ̀ ọmọ kúrú. Wọ́n mú ìyá lọ sí àtìmọ́lé ní Savalou. Kó tó padà, iṣu tuntun ti jáde, ó sì ti rù hangogo.

Ó mu omi tán, ó bi ọmọ rẹ̀ pé, "Ṣé o sọ fún un pé àlejò ni mo bu omi fún?"

Ọkọ mi wolẹ̀. "Ìyá, ta ló dà á ni wọ́n bi mí. Wọn ò bi mí nídìí rẹ̀."

Ìyá dìde, ó lọ wo ewúrẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ rere kan ṣoṣo tí ìyá ní, inú ọkọ mi ló kú sí. Mo bínú sí i, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń bọ́ gbogbo ilé, ẹ̀rù sì bà á pé wọn yóò ní ó gbèjà ọ̀daràn.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé e lọ sílé ìwé mìíràn nítòsí òkun. Ní òwúrọ̀ tí a ń lọ, ìyá gbé igbá jáde, ó da omi síwájú ilé gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Mo tẹ̀ ẹ́ kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí. Ọkọ mi dúró, ó wo ilẹ̀ tútù náà títí, ó wá yà fún un, ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ.

Eré ọkọ̀ ti dópin lójú ọ̀nà yẹn tipẹ́. Ìyá ti dárí jì í kó tó da omi náà. Ọkọ mi ni kò lè tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ló ń dùn mí nígbàkígbà tí òjò bá kan ilẹ̀.