Òjò Tí Tíṣà Gbàdúrà Fún

Nígbà tí Tíṣà Ayẹni fẹ̀yìn tì, ìdí adágún ẹja ló lọ jókòó sí. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Àpáta ló gbẹ́ adágún náà sí, lẹ́bàá odò kékeré kan tí kì í gbẹ láyé àtijọ́. Àwọn ará àdúgbò a máa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ọmọ Èkìtì oníyán ti di ẹlẹ́ja. Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ Ìkórè ní ìjọ wọn ní Òkè Àdó, tí àwọn yòókù bá ru iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ síwájú pẹpẹ, ẹja tó ṣì ń jà nínú abọ́ omi ni ti Tíṣà. Àwọn ọmọdé a sún síwájú láti wò ó.

Lọ́dún tó kọjá, ooru pa gbogbo ọmọ ẹja rẹ̀. Òkìkíọlá ìyàwó rẹ̀ kò bá a jà.

"Bàbá Ẹwà, ẹ gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i," ó ní. "Bí eléyìí náà bá kú, ẹ jẹ́ ká padà sí Èkìtì. Mi ò lè máa wo ojú yín báyìí mọ́."

Ó gbà.

Ti ọdún yìí yè. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ, wọ́n ti tó tà. Shukurat, tó ń sun ẹja fún àwọn awakọ̀ ní Challenge, gbé ike ńlá wá.

"Tíṣà, ẹ kó wọn fún mi. Omi yín ti ń dúdú."

"Jẹ́ kí wọ́n tóbi sí i. Ìkórè ò ní pẹ́ dé."

"Ìkórè kẹ̀? Bí ẹja bá fẹ́ kú, kò ní dúró de Bíṣọ́ọ̀bù o!"

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó mọ òjò. Láti kékeré ló ti mọ̀ pé òjò a máa sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, a sì padà tagbáratagbára nínú oṣù kẹsàn-án. Òjò yẹn ni yóò tún omi adágún ṣe.

Oṣù kẹsàn-án dé, òjò ò padà. Odò di ẹrẹ̀. Kànga ò fún wọn ju omi mímu lọ. Adágún nípọn bí ọbẹ̀ ilá, ó ń gbóná lọ́wọ́. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí gbààwẹ̀; òjò nìkan ló ń tọrọ.

Ó rọ̀ lọ́sàn-án Sátidé kan, òjò líle, tútù, tó ń lu páànù bí ẹni ń sọ òkò. Tíṣà sáré jáde láìdé fìlà. Gbogbo ẹja ti wá sókè, ojú omi kún fún ẹnu.

"Òkìkí, wá wò ó! Wọ́n ń jó!"

Ó gbé àpò oúnjẹ ẹja, ó ń fọ́n ọn fún wọn, ó ń kọrin ìyìn. Òkìkíọlá dúró sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Kí ló dé tí wọn ò jẹ ẹ́?"

"Ayọ̀ ni."

Kì í ṣe ayọ̀. Òjò tútù ti ru ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ sókè sínú omi gbígbóná. Èémí làwọn ẹja ń wá. Oúnjẹ tó fọ́n fún wọn ń jẹrà, ó sì ń gba ìwọ̀nba èémí tó kù mọ́ wọn lọ́wọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ikùn funfun ló bo adágún. Shukurat dé, ó fẹsẹ̀ wọ́ omi títí, kò rí èyí tó ń mí. Tíṣà gbé àwọ̀n rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

"Máa mú un lọ."

"Kí ni kí n fi ṣe, Bàbá? Ti àwọn ará òkè odò náà ti kú. Ẹja yìnyín ni mo máa lọ rà, ìyẹn gan-an ti ń wọ́n. Wọ́n ní òkun pàápàá ò kún fẹ́ja bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́."

Ó rọra fi àwọ̀n náà kọ́ ọgbà. Oòrùn ti tún ràn.

Lọ́jọ́ Ìkórè, wọ́n pe ìdílé Ayẹni. Àwọn ọmọdé sún síwájú. Wọ́n tún un pè. Ẹnikẹ́ni ò dìde. Àwọn méjèèjì ti wọkọ̀ Èkìtì lọ láàárọ̀ Ẹtì. Àwọn ọmọdé padà lọ jókòó.