Bí Mo Ṣe Bá Wọn Tún Ọjọ́ Ọjà Kà

Òórùn wàrà tí wọ́n ń sè lẹ́ẹ̀kejì ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà agbolé wa ní Ṣábẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ náà. Ìwọ náà mọ òórùn yẹn, ọ̀rẹ́ mi: wàrà àwọn Fúlàní nínú omi poroporo ọkà bàbà tó ti pupa fòò, iyọ̀ díẹ̀, èéfín igi tí òjò ti pa. Bessé ni mo ti ń bọ̀, níbi tí mo ti lọ bá ẹ̀gbọ́n mi gbé fún ọjọ́ mélòó kan, ẹrẹ̀ sì bò mí dé orúnkún. Òórùn náà kò dùn mọ́ mi nínú rárá. Àná ni wọ́n ná ọjà tó wà lọ́nà Ofè. Ẹni tó bá ń tún wàrà sè lọ́jọ́ kejì ọjà, kò tà ni.

Ìyàwó ọmọ mi àbíkẹ́yìn ló wà nídìí iná. Kútọnu ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló dàgbà sí, kò tíì pé ọdún kan tó dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí náà kò mọ ọjọ́ ọjà lórí bí àwa ṣe mọ̀ ọ́n. Ó ti kó wàrà kún agbada láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó gbé e rù, ó lọ, kò sì bá ẹnì kan níbẹ̀. Ọmọ ọmọ mi, èyí tí ọmọbìnrin mi àgbà bí, tó ń lọ sí yunifásítì ní Parakou, tó wá lo ìsinmi vakáǹsì lọ́dọ̀ mi, jókòó sórí pèpéle ilé, ó dorí kodò. Akọ̀wé ni ìyàwó ń pè é, nítorí kì í fi ọ̀dínátọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó fi ń kọ̀wé, sílẹ̀, àfi bí ẹni tí wọ́n fi í lẹ̀ mọ́ itan.

“Akọ̀wé, ọjà yín kún lónìí o,” ni ìyàwó wí. “Ewúrẹ́ mẹ́ta ni mo bá níbẹ̀. Kò sí èyí tó ná wàrà nínú wọn.”

Àwọn obìnrin agbolé bú sẹ́rìn-ín. Kí n má purọ́, èmi náà rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí mo rí i pé ojú ọmọ náà ti pọ́n.

Iṣẹ́ kan wà tí ọmọ yìí ń bá àwọn èèyàn ṣe. Ìwé òǹkà ọjọ́ ni, tí ń gbé inú pọ́tábù tí wọ́n fi ń pe ara wọn. Ó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi títí ó fi yé mi: kò sí olówó kan tó ni ín, wọn kì í sì í tà á. Àwọn tó ń ṣe é wà káàkiri ayé, wọn ò rí ojú ara wọn rí. Wọ́n ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, kí ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ iṣẹ́ náà lè wò ó, kó sì tún ibi tó bá wọ́ ṣe. Bí o bá tún un ṣe tán, àwọn kan wà tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbà á wọlé. Mo ní, ṣé kì í ṣe ọ̀wẹ̀ lẹ̀ ń bẹ ara yín yẹn? Ó ní òun ni gan-an. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọjọ́ ọjà ìhà ọ̀dọ̀ wa sínú rẹ̀, kí àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi lè mọ ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n wálé ná ọjà. Gbogbo agbolé ló ti bá a fi í sí pọ́tábù wọn, òun náà ni ìyàwó wò tó fi gbé wàrà lọ láàárọ̀. Ní báyìí, wọ́n ní kó yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Òun náà sì ti pinnu: tí ilẹ̀ bá mọ́, òun á yọ gbogbo ọjà wa kúrò nínú iṣẹ́ náà, kí ẹlòmíràn má baà gbé ẹrù lọ bá ewúrẹ́.

Mo bi í léèrè bó ṣe kà á. Ó ní ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún ni. Òótọ́ ni, àwa la sọ ọ́. Mo bu ekùrọ́ sílẹ̀, mo ní kó kà á lójú mi. Ó fi ekùrọ́ kan ṣe ọjọ́ ọjà, ó sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wá bẹ̀rẹ̀: ọ̀la, oókan, ọ̀tunla, eéjì. Mo gbá a lọ́wọ́ mú.

“Òní ńkọ́? Òní kì í ṣe ọjọ́ ni?”

Ó wò mí. “Màmá, ẹ̀ ń ka òní mọ́ ọn?”

“Ibi tí mo dúró sí ni mo ti ń kà. Ọmọ tí wọ́n bí lónìí, ọjọ́ wo ni ẹ̀ ń sọ ọ́ lórúkọ?”

Ó ní ọjọ́ kẹjọ. Ó fi ìka kà á, ó rí i pé ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé náà ni wọ́n ń sọ ọ́. Ló bá fò sókè, díẹ̀ ló kù kó da ìkòkò wàrà nù. Kíkà ilé ìwé ló fi ka ọ̀rọ̀ ẹnu wa! Ọjọ́ mẹ́rin péré ló yẹ kó sún síwájú, ó sún un ní márùn-ún.

Ó gun orí àpáta ẹ̀yìnkùlé lọ, níbi tí réso, ìyẹn nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, ti ń wọlé dáadáa, èmi náà tẹ̀ lé e pẹ̀lú eegun mi yìí. Ó kọ àtúnṣe náà, ó fi ránṣẹ́. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dá a lóhùn, láti orílẹ̀-èdè kan tí mi ò lè pè. Ọmọlúàbí ni. Ó ní, ìwọ lo sọ márùn-ún fún wa, ìwọ náà lo tún ń sọ mẹ́rin. Èwo la fẹ́ gbà gbọ́, ìwé wo ló sì wà? Ọmọ náà yíjú sí mi. “Màmá, ìwé ló ń béèrè.”

Èmi tí mi ò mọ ààbídí! Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà tí mo ti ń ná ọjà yẹn. Mo bi í bóyá ọkùnrin náà lè mọ ọjọ́ tí ọdún Iléyá bọ́ sí. Ó ní kò sí ọjọ́ ọdún tí kò lè rí. Mo ní, ó dáa, kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí àwọn Kátólíìkì ṣe Ìgòkè-re-ọ̀run lọ́dún yìí, ọjọ́ ọjà ni. Mo rí wọn tí wọ́n fi aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ra ata. Ọjọ́ Iléyá gan-an, ọjọ́ ọjà ni. Àwọn oníwàrà ò rí ẹni tà á fún títí wọ́n fi kírun tán. Ọjọ́ òmìnira orílẹ̀-èdè wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá yìí, ọjọ́ ọjà ni. Kó ka àárín wọn fúnra rẹ̀.

Ọmọ náà ò lè dúró de ọkùnrin yẹn. Ó kà á níṣojú mi, ètè rẹ̀ ń jó. Gbogbo rẹ̀ ló pín sí mẹ́rin-mẹ́rin láìṣẹ́kù, kò sí èyí tó gba márùn-ún. Ọ̀rẹ́ mi, àyà mi ń lù kìkì bí ìgbà tí wọ́n ń bọ̀ wá tọrọ mi. A fi í ránṣẹ́, a ò sì kúrò lórí àpáta títí òjò fi lé wa wálé.

Ìdáhùn dé kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná lọ́jọ́ kejì. Ọmọ náà kà á fún mi, ó tún un kà, ó wá kà á fún ìyàwó: “Mo ti kà á, mẹ́rin ni. Ẹ bá mi kí Màmá. Orúkọ wo ni kí n kọ sí ẹ̀gbẹ́ àtúnṣe yìí?” Ó tún fi kún un pé ìlú Yorùbá mìíràn wà nínú iṣẹ́ náà, lápá Nàìjíríà, tí ẹnì kan kọ márùn-ún sí bẹ́ẹ̀ náà, ṣé kí òun lọ bi wọ́n? A ní kó bi wọ́n. Nígbà tó bi wọ́n, òótọ́ ni, àwọn náà ń ka òní.

Ìyàwó ò yọ ọ́ kúrò nínú pọ́tábù rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ọjọ́ pé, òun ló sọ ọjọ́ ọjà fún mi, mo pa ẹnu mọ́ bí ẹni tí kò mọ̀, mo tẹ̀ lé e. A kò tíì dé ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́rọ́ tí a ti ń gbọ́ ariwo àwọn èèyàn.

Mo ti máa ń rò pé ohun tí mo mọ̀, inú mi ni yóò wà títí wọ́n á fi sin mí. Ní báyìí, mo máa ń ronú kan obìnrin kan ní ìlú tí mi ò dé rí, tó wo pọ́tábù rẹ̀ láàárọ̀, tó gbé ẹrù rù, tó bá ọjà tó kún. Kò mọ̀ mí, kò sì ní mọ̀ láé pé ẹnì kan gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ó bá a tún ọ̀nà ṣe. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mọ́ mi.