Ìyá Òjìji àti Ṣọ́ọ̀bù Àbúrò Rẹ̀

Kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ tí bàbá obìnrin náà sọ ọ́ pè é mọ́. Ìyá Òjìji ni gbogbo oníròyìn ń pè é, torí bí wọ́n bá ti gbé àwòrán síwájú rẹ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé, "Òjìji rẹ̀ dà? Ibo ló dojú kọ?" Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ́ àwọn oníròyìn bí wọ́n ṣe ń tú irọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì fó, kí wọ́n sì fi ohun tó wà ní gbangba fún tolórí tẹlẹ́mù tú u: àwòrán, máàpù, pátákó ẹ̀bá títì, òjìji òpó iná. Ẹ gbé àwòrán ilé kan fún un, ẹ lọ fọwọ́. Kẹ́ ẹ tó dé, ó ti mọ àdúgbò tí ilé náà wà. Ẹ má bá a jiyàn o! Ojú ló ti gbogbo àwọn tó bá a jiyàn rí.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé ìtẹ̀wé kan ló ti ń kọ́ wọn. Fáànù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nìkan ló sì ń fẹ́ sí. Lára ògiri, ó gbé pátákó kan kọ́: "Bí o bá ní o mọ̀, fi bí o ṣe mọ̀ hàn." Àràárọ̀ ni wọ́n ń pariwo rẹ̀ bí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí àwọn baba onírùngbọ̀n á máa rẹ́rìn-ín síra wọn. Òun kì í rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹnu nìkan ni òpùrọ́ nílò, ṣùgbọ́n olóòótọ́ gbọ́dọ̀ fi ọ̀nà tó gbà hàn, kí ẹni tó ń kà á lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọbìnrin tó mọ iṣẹ́ jù nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní Ojú Àṣá, gbé fóònù wá. Kò lè wo ojú olùkọ́ rẹ̀.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo eléyìí."

Ọkùnrin kan nínú kóòtù funfun ló wà níbẹ̀, ó ń da omi sínú ìgò oògùn ọmọdé. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Apààyàn rèé o! Òun ló ń bomi la oògùn àwọn ọmọ wa! Àwọn ọmọ ti kú!" Wọ́n wá dárúkọ ìlú kan tó jìnnà réré. Àbúrò Ìyá Òjìji ni ọkùnrin náà, ọmọ ìyá rẹ̀, èyí tó fẹ̀yìn ara rẹ̀ pọ̀n.

Ẹ gbà mí o! Oògùn oníyẹ̀fun ni. Bí wọn ò bá da omi sí i, báwo lọmọ á ṣe mu ún? Kò sí apòògùn tí kì í ṣe é. Ìyàwó ọkùnrin náà ló ya àwòrán yẹn lọ́dún tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù oògùn wọn, tó fi ọkọ rẹ̀ yangàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìkà kan jí i gbé, ó wọ̀ ọ́ lẹ́wù irọ́.

Àbúrò pè é lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ìlú tí mi ò dé rí ni wọ́n ní mo wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wá mi lọ́hùn-ún." Ó rẹ́rìn-ín.

"Kí wọ́n máa pè ọ́ ní apààyàn, kí n panu mọ́? Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ yín."

"Fi sílẹ̀ fún mi."

Ó gbé iṣẹ́ náà fún kíláàsì rẹ̀. Wọ́n ṣe é, ó dùn ún wò. Wọ́n rí pátákó jórinjórin tó hàn nínú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù náà. Wọ́n rí táńkì omi aláwọ̀ búlúù lórí òrùlé iwájú. Wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ lé máàpù: ṣọ́ọ̀bù yìí ò sí ní ìlú tí wọ́n pariwo, àdúgbò báyìí ló wà, ojú títì báyìí. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n gbé e jáde ni Ojú Àṣá ń lọ́ra.

"Mà, ṣé ká fi máàpù yẹn sí i? Kí àwọn èèyàn má baà…"

"Kí wọ́n má baà ṣe kí ni? Kí ni wọ́n kọ sára ògiri yẹn?"

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà kà á jẹ́jẹ́.

"Ó dáa. Ẹ fi sí i."

Wọ́n fi ọfà pupa tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Òjìji fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì tó gbé e jáde. Inú rẹ̀ dùn dẹ́yìn.

Ta ló ń ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí i? Ọfà làwọn èèyàn rí. Àwọn tó ń bínú ti ní ojú apààyàn lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, ilé rẹ̀ nìkan ni wọn ò mọ̀. Wọ́n gé máàpù kúrò lára òtítọ́, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ irọ́, wọ́n sì fi ránṣẹ́ síra wọn. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n dé. Wọ́n fọ́ gíláàsì, wọ́n da oògùn sílẹ̀, ìyẹ̀fun funfun bo gbogbo ilẹ̀. Wọ́n dá apá àbúrò Ìyá Òjìji.

"Òtítọ́ la kọ," ọ̀gá ibi iṣẹ́ Ìyá Òjìji ń sọ. "Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀." Ohun tó korò nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ọ̀gá tún fẹ́ kí wọ́n máa fi iṣẹ́ náà ṣe àpẹẹrẹ fún kíláàsì tó ń bọ̀. Orí burúkú wo nìyí?

Ní ọsibítù, ìyàwó àbúrò kọjú sí ògiri. Ìyá Òjìji ń sunkún. Àbúrò rẹ̀ wò ó títí.

"Òtítọ́ bá irọ́ lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Inú ṣọ́ọ̀bù mi ló ti bá a."

Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

Àbúrò àti ìdílé rẹ̀ kó kúrò ní àdúgbò náà. Wọn ò sọ ibi tí wọ́n kó lọ fún Ìyá Òjìji. Ìyàwó ti kìlọ̀ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, àgàgà ẹ̀gbọ́n ọkọ òun. Ìyá Òjìji ṣì ń kọ́ni, torí iṣẹ́ ló ń bọ́ni, àmọ́ ó ti yọ pátákó yẹn. Ojú ìṣó ṣì wà lára ògiri.

Lọ́jọ́ kan tó lọ kí ìyá wọn, màmá mú fóònù jáde pẹ̀lú ayọ̀. Màmá ò mọ nǹkan kan nípa òjìji.

"Wò ó, àwọn ọmọ àbúrò rẹ rèé níwájú ilé wọn tuntun. Ṣé o rí i bí wọ́n ṣe ga?"

Kó tó rí ojú ọmọ kankan, ojú rẹ̀ ti fò dé ẹ̀yìn wọn: táńkì kan lórí òrùlé, òpó iná kan, òjìji rẹ̀ tó nà sápá òsì. Kò ní pẹ́ rárá kó tó mọ ibi tí ilé náà wà. Ó yára fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwòrán náà, ó ku ojú àwọn ọmọ nìkan.

"Wọ́n ti ga lóòótọ́, Màmá," ó ní, ó sì dá fóònù padà fún un.