Kọ́ọ̀bù Májèlé

Nígbà tí wọ́n ń wó ilé àtijọ́ ní Tavy Bridge, nílùú òyìnbó níbí, ni mo kọ́kọ́ fura sí màmá àgbàlagbà tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé mi. Ó ní òun ti ṣe eléré orí ìtàgé rí, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe obìnrin tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní oníranù. Ọ̀gá ẹgbẹ́ eléré wọn fẹ́ ẹ, bí ó ti fẹ́ àwọn eléré obìnrin yòókù, kí ẹgbẹ́ mìíràn má baà gbà wọ́n. Kò sẹ́ni tó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ọ̀gá a sọ ìtàn, oníkálukú a wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo ló ní: ojú tí àtíkè bò. Ojú ta ni? Ní Woolwich, níbi tí a kò ti mọ ilé baba ara wa, àwọn tó pe ara wọn ní ọmọọba fún mi pọ̀ ju ìlú tó wà nílé lọ.

Ọmọ rẹ̀ sì ti bẹ̀ mí pé kí n sọ ìtàn ìgbésí ayé màmá níbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí màmá. Ṣé kí n dúró pa irọ́ fún gbogbo èèyàn ni?

Mo ní ìrántí kan tí mo lè fi dán an wò. Nígbà èwe mi ní Ìjẹ̀bú, ẹgbẹ́ eléré kan wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa. Ìyàwó inú eré náà gbé kọ́ọ̀bù tí orogún rẹ̀ po májèlé sí, mo dìde, mo pariwo, "Ẹ má mu ún!" Ó dá mi lóhùn, gbogbo èrò sì rẹ́rìn-ín. Ohun tó sọ ni mo ti gbàgbé.

Mo sọ ọ́ fún màmá, mo ń wo ojú rẹ̀.

"Ìwọ kẹ̀? Obìnrin ló pariwo. Ó pọn ọmọ, ọmọ sùn fọnfọn."

"Mummy, èmi ni o."

"Nínú eré mi? Àfi bó o bá sọ̀rọ̀ lójú oorun."

Inú bí mi. Ó tún fẹ́ gba ìrántí mi lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n nínú bọ́ọ̀sì tó ń kọjá lẹ́bàá ọgbà ẹ̀wọ̀n Belmarsh, ìtàn náà padà sí mi lọ́kàn, ohùn ìyá mi olóògbé ló sì ń sọ ọ́. Ṣé ìrántí mi ni, àbí ti ìyá mi?

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, mo ní wọ́n ní màmá ṣe eléré rí. Ó gbọ́ "wọ́n ní" yẹn. Ó gbé kọ́ọ̀bù tíì rẹ̀ dé ẹnu, ó dúró, ó tẹjú mọ́ mi. N kò mọ ìgbà tí mo pariwo: "Ẹ má mu ún!"

"Ìwọ tó mọ̀ pé májèlé ni, ṣé ìwọ lo pò ó?" ni màmá fi dá mi lóhùn.

Ẹ̀rín sọ. Èmi nìkan ni n kò rẹ́rìn-ín. Ohun tí ìyá mi máa ń sọ nìyẹn bí mo bá kọ àgbo, tí mo ní yóò pa mí. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo ìyá máa sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, mo tún ọ̀rọ̀ mi bẹ̀rẹ̀, láìsí "wọ́n ní". Nígbà tí mo dé ibi igbe inú eré náà, mo ní ìyá mi ló ké, èmi ni ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn.