Ẹfun Lórí Yanrìn Oníyọ̀

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ọ̀kan náà ni ẹfun ìkunlé àti yanrìn. Bí wọ́n bá da omi sí ẹfun nínú àgbá, á hó, á gbóná, á máa rú èéfín; bó bá fi máa tutù, ó ti di nǹkan mìíràn. Yanrìn kì í yí padà ní tirẹ̀. Ohun tó gbé bọ̀ láti ibi tó ti wá náà ló máa gbé wọlé rẹ. Ilé wa n'Ìpọ̀nrí ló kọ́ mi.

Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà tí bàbá mi bẹ̀rẹ̀ ilé náà. Iṣẹ́ rélùwéè ò jẹ́ kó ráyè, ló bá ní kí ẹ̀gbọ́n òun máa dúró ti àwọn bíríkìlà. Inú yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń sùn l'Èbúté Mẹ́ta, màmá mi ò sì tọrọ ju ilé ìdáná tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tí yanrìn dé, màmá mi bu díẹ̀ kan ahọ́n, ó tutọ́ dànù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, iyọ̀ wà nínú ẹ̀. Etí òkun ni wọ́n ti wà á. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ilé yìí á wó."

"Ìyàwó, ọbẹ̀ lo pè é ni, tó o fi ń tọ́ ọ wò? Jọ̀ọ́ jàre, lọ jókòó."

Àwọn bíríkìlà bú sẹ́rìn-ín. Nírọ̀lẹ́, bàbá mi ní ìyàwó kì í kọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ ní ilé kíkọ́. Yanrìn yẹn náà ni wọ́n fi mọlé, láìfọ̀ ọ́.

Kò pẹ́ tí a kó wọlé tí ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, tí iyọ̀ funfun ń yọ lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní ká fi ẹfun bò ó. Gbogbo Kérésìmesì là ń kùn ún. Kí Àjíǹde tó dé, ó ti ń ṣí bọ́ sínú ọbẹ̀ màmá mi. Mo kórìíra ọkùnrin yẹn. Mi ò bá ẹfun wí, ó kúkú sa gbogbo ipá rẹ̀.

Lọ́jọ́ òjò kan, ògiri ilé ìdáná wó lulẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé màmá mi wà lọ́jà. Àwọn ẹbí pé jọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo sì rò pé wọ́n fẹ́ bẹ̀ ẹ́ ni, òmùgọ̀ èmi.

"Ta ló kọ́kọ́ ní ilé yìí á wó?" Ẹ̀gbọ́n nàka sí màmá mi. "Ẹyin lohùn. Ẹnu ẹ̀ ló fi wó o."

Gbogbo wọn ní òótọ́ ni. Bàbá mi náà ní òótọ́ ni. Wọ́n ní kí màmá mi kúnlẹ̀, kó bẹ̀bẹ̀.

Ó kúnlẹ̀ sórí àwókù ògiri náà. Nígbà tó dìde, ẹfun àti yanrìn ló lẹ̀ mọ́ orúnkún rẹ̀.