Fèrè Bàbá Pápákọ̀

Bí mo bá gbọ́ fèrè ọkọ̀ tó gùn lójú títì, awakọ̀ àdúgbò wa ní Otokiti ló ń wá sí mi lọ́kàn, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Pápákọ̀. Pápákọ̀ òfurufú Àbújá ló máa ń gbé èrò lọ. Bó bá ti dé Koton-Karfe, á tẹ fèrè, á yọ orí síta, á kí ìyá tó ń ta ẹja níbẹ̀ bí àwọn ará Òkun ti ń kíni: "Òkun o, ìyá ẹlẹ́ja!" Nígbà tó bá fi máa padà, ẹja tirẹ̀ ti wà nílẹ̀.

Wọ́n wá ṣí pápákọ̀ tuntun lọ́nà Kàbà. Àwọn èrò sọ pé ibẹ̀ ò há, ẹrù kì í pẹ́ jáde. Èsì kan ṣoṣo ni Bàbá ní: "Ta ni mo mọ̀ lọ́nà ibẹ̀?" Ni àwọn oníbàárà rẹ̀ bá ń bá ẹlòmíràn lọ.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin pè láti Èkó: "Bàbá, pápákọ̀ tuntun ni mo ń bọ́ sí o. Ẹ wá gbé ọmọ-ọmọ yín."

"Ṣé ti Àbújá ti wó ni?"

"Kò wó. Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Èmi ni mo bá a lọ. Kò tẹ fèrè rárá. Bí a ti ń padà bọ̀, tí ìkókó ń sùn lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, ó rí ìyá kan tó ń yan àgbàdo lẹ́bàá ọ̀nà. Ó dúró, ó rà, ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀.

Ìyá náà ní, "Bàbá, ṣé ẹ ó tún gba ibí?"

Bàbá bojú wẹ̀yìn wo ìkókó.

"Bẹ́ ẹ bá ti gbọ́ fèrè mi, ẹ yan tèmi sílẹ̀."