Fáwùmí Dín Ihò Bọ́tìnnì Kù

Ní àdúgbò kan lórí òkè ní Atakpamé, ní ilẹ̀ Tógò, bí èèyàn bá béèrè ẹni tó mọ ihò bọ́tìnnì í rán, ilé ìyá àgbà tí wọ́n ń pè ní Fáwùmí ni wọ́n máa júwe. Ọdún mọ́kànlélógójì ló ti ń ránṣọ. Ó lè fi maṣíìnì rán gbogbo ara ẹ̀wù, ṣùgbọ́n ọwọ́ ló fi ń rán ihò, nítorí ó ní èyí tí maṣíìnì bá rán, ẹnu rẹ̀ kì í pẹ́ ya. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú tí ilé ìwé kì í wọlé, àwọn ọmọ àdúgbò máa ń jókòó sórí ẹní rẹ̀, ó ń kọ́ wọn ní abẹ́rẹ́ mímú. Kì í bá wọn ṣeré. Lọ́lá, ọmọ ọmọ rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́sàn-án, lọwọ́ rẹ̀ dáa jù nínú wọn.

Julienne ló tú ẹní náà ká. Ọmọ ìlú Glei nítòsí ibẹ̀ ni, ó pẹ́ ní Faransé, ó fẹ́ Júù kan níbẹ̀, ó sì gba ẹ̀sìn ọkọ rẹ̀. Lọ́dún yìí, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ Bérénice kó wá sí ilé tó dojú kọ ti Fáwùmí. Nígbà tí oṣù Kejìlá wọlé, ó ní òun ò fẹ́ kí ọmọ òun dá nìkan ṣọdún Hánúkà. Ó pe àwọn ọmọ pé kí wọ́n wá fi aṣọ ṣe fìtílà.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni ọdún náà. Àwọn Júù fi ń rántí òróró ọjọ́ kan ṣoṣo tó jó fún ọjọ́ mẹ́jọ nínú tẹ́ńpìlì wọn. Alaalẹ́ ni wọ́n ń tan iná kan kún ti àná, láti ara iná kẹsàn-án tó jẹ́ ìránṣẹ́ fún àwọn yòókù. Ti àwọn ọmọ kò ní jó ẹnikẹ́ni: àbẹ́là mẹ́sàn-án tí wọ́n fi àgékù àǹkàrá ṣe, lórí aṣọ aláwọ̀ aró tí wọ́n fi kọ́ ògiri. Ahọ́n iná ìránṣẹ́ ni wọ́n rán mọ́ ọn pátápátá. Mẹ́jọ yòókù, bọ́tìnnì ni ọmọ kan á fi máa de ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ àbẹ́là rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ní Ọjọ́rú àkọ́kọ́, ọmọ mẹ́ta péré ló wá sórí ẹní Fáwùmí. Ní èkejì, kò sí ẹyọ kan. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ ẹ̀rín wọn lódìkejì. Ó gbọ́ ohùn Lọ́lá tó ń pe Julienne: "Tàǹtí, ẹ wo tèmi!"

Òun tó kọ́ ọmọ náà ní okùn kíkì bọ abẹ́rẹ́, ọmọ náà kò pe òun báyìí rí. Owú tí obìnrin ń jẹ nílé ọkọ, Fáwùmí ti rò pé ọjọ́ orí ti gba òun lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Lọ́lá délé, Fáwùmí di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Kí ló lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́?"

"Gọ́ọ̀mù ni, Màmá. A fi lẹ àbẹ́là."

"Ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ aṣọ? Bí ìwé?"

"Tàǹtí ní kò séwu."

"Ó rọrùn fún un láti sọ. Ẹni tó ń ránṣọ ló mọ ewu aṣọ."

Lọ́jọ́ kejì, Julienne kó ahọ́n iná mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wá, ó kúnlẹ̀. "Ìyá, ẹ káàárọ̀. Ihò bọ́tìnnì ló kù, mi ò sì mọ̀ ọ́n rán. Lọ́lá ní ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó sọ ọ́, Ìyá."

Inú Fáwùmí dùn díẹ̀. Ìgbà tó yí ahọ́n iná tí Lọ́lá gé padà, ó rí i pé ọmọ náà ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé *Fún Tàǹtí*. Díẹ̀ náà tán.

Ó wọn bọ́tìnnì. Ó mọ ibi tó yẹ kí ihò parí sí, ó sì fi ìbú hóró ìrẹsì kan dín in kù. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ó rán etí wọn dáadáa. Ẹnikẹ́ni ò lè bá a wí lórí ìyẹn. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Bí kò bá wọlé, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n máa gbé e wá? Ọ̀dọ̀ mi ni."

Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ ọdún, wọ́n gbé àga fún un níwájú. Julienne gbàdúrà, ó sì ní kí Lọ́lá de ti àkọ́kọ́. Lọ́lá ti bọ́tìnnì bọ ihò, kò wọlé. Ó tún tì í. Bérénice gbìyànjú, òun náà ò rí i ṣe.

"Lọ́lá, ṣé o ò jẹun ni?" ọmọ kan sọ, àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín.

"Ọwọ́ mi ni," Lọ́lá wí, omi ti lé sí i lójú. "Ihò tí Màmá mi rán kì í kéré. Ọwọ́ mi ni ò dáa."

Julienne mú àlùmọ́gàjí. "Ẹ jẹ́ kí n là á díẹ̀."

"Gbé e sílẹ̀!" Fáwùmí ti dìde. "Bí o bá là á, ó máa tú. Ọwọ́ Lọ́lá kọ́. Èmi ni mo rán an kéré. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

Julienne gbé àlùmọ́gàjí náà sílẹ̀.

"Ìyá, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

"O ò ṣẹ̀ mí. O kó àwọn ọmọ mi lọ ni."

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó ní kí wọ́n fún òun ní abẹ́rẹ́. Ó tú etí ihò náà, ó là á dé ibi tó yẹ, ó sì rán an mọ́ra padà, okùn kan tẹ̀ lé òmíràn, kò yára. Àwọn ọmọ sún mọ́ ọn láti wò ó. Nígbà tó parí, ó gbé e fún Lọ́lá. Ó tì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bọ́tìnnì wọlé.

Lọ́lá hó yèè, ó sáré lọ di mọ́ Julienne. "Tàǹtí, ẹ wò ó!"

Fáwùmí rí i. Ó ta á láyà bí ata. Ó tẹ orí ba, ó mú ahọ́n iná kejì, ó sì wá ẹnu okùn.

"Ta ló ni ti ọ̀la?" ló béèrè.